Ọjọ́ tí Wọ́n Fi Mí Joyè Ọ̀dọ́ ní Ìlú Àṣẹ̀ṣẹ̀yọ

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tọ òkìkí mi lẹ́yìn bí adìyẹ ṣe ń tọ ẹni tó mú àgbàdo dání. Kí ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́ tètè wúkọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lọ jiyàn nílé àna rẹ̀, nítorí kò sí irọ́ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí irọ́ bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, kò ju bí iyọ̀ ṣe ń wà nínú ọbẹ̀ lọ, ta ló sì ń jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀?

Èmi ni Ọdẹ́kúnlé, ọdẹ tí ẹfọ̀n rí tó sá lọ tó gbàgbé ìwo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbọn mi yìí, bí mo bá yìn ín láàárọ̀, ọ̀sán ni ìró rẹ̀ ń ṣíwọ́. Ìwé náà, mo kà á. Kíláàsì kẹta ni mo dé; nígbà tí tíṣà rí i pé ohun tí mo mọ̀ ti fẹ́ bá tòun dọ́gba, ó ní kí n máa lọ sílé kí ìjà má bàa dé. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí ẹ óò gbọ́ lẹ́nu mi, ìdajì rẹ̀ ti akọ̀wé ni, ìdajì rẹ̀ ti ọdẹ ni. Ibi tí ọ̀kan bá ti rọ, èkejì á gbè é.

Ohun tó gbé mi jáde nílé nìyí. Àbúrò mi obìnrin, Adéọtí, bí ọmọ kan tó ń jẹ́ Ìbírónkẹ́. Ọmọ náà ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ Màdáámú Rẹ̀mílẹ́kún. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ṣẹ́, ó wá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kí ọ̀gá rẹ̀ ṣe fírídọ̀mù fún un, kí ó gbàdúrà lé e lórí níwájú ẹbí, kí ó sì dá a sílẹ̀ bí aránṣọ tó pé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá tíì dá sílẹ̀, bó rán aṣọ fún ọba, ọmọ-iṣẹ́ náà ni. Àfi bí ìròyìn ṣe dé pé ìlú àwọn ẹ̀mí kan wà lẹ́yìn igbó méje, tó ń jẹ́ Àṣẹ̀ṣẹ̀yọ. Pé wọ́n ń ṣe ọdún níbẹ̀ fún àwọn olórin àti àwọn aránṣọ tí ayé kò tíì mọ̀. Pé ẹni tó bá débẹ̀ láàárọ̀, òkìkí rẹ̀ á ti kan sánmà kó tó di ọ̀sán. Ìbírónkẹ́ di ẹrù, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Adéọtí wá bá mi tomijé-tomijé. Ó ní àwọn tó lọ sí ìlú náà, ẹnì kan kò padà rí. Màdáámú sì ti sọ pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé tí òun kò rí ọmọ náà, òun yóò ju àlùmọ́gàjí rẹ̀ sígbẹ́, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta á sì di òfo. Mo ní kó nu ojú. Mo ní èmi tí mo fi ọwọ́ òsì di ekùn mú tí mo ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ̀kọ, ṣé ọmọdébìnrin kan ni n kò ní lè fà wálé? Àgbà tó bá ṣe ìlérí lórí ìdúró, ẹsẹ̀ ni yóò fi san án. Ọjọ́ kejì ni mo wọ igbó.

Igbó mẹ́fà àkọ́kọ́ kò yẹ ní sísọ. Àwọn iwin ibẹ̀ rí mi, wọ́n kí mi kú ìrìn, àwọn tó gbọ́n nínú wọn sì ti ṣí kúrò kí n tó dé. Ìkeje ló le, Igbó Àpatẹ́wọ́. Igi ibẹ̀ kò ní ewé. Àtẹ́lẹwọ́ ló so sórí ẹ̀ka wọn, ńlá àti kékeré, ti olóko àti ti akọ̀wé. Mo sín, igbó pàtẹ́wọ́. Mo họra, igbó pàtẹ́wọ́. Mo fi ẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò, mo ṣubú yakata, igi dìde lórí gbòǹgbò wọn, wọ́n ní kí n tún un ṣe. N kò ní tàn yín, ó dùn mọ́ mi. Mo tún un ṣe. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi ń ṣubú, tí mo ń dìde, tí mo ń tẹrí ba fún igi. Egungun àwọn arìnrìn-àjò yí mi ká, gbogbo wọn tẹrí ba síbẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ igi títí ẹran fi tán lára wọn.

Ikùn mi ló gbà mí. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó kùn. Igi pàtẹ́wọ́ fún un, ṣùgbọ́n ikùn kò tẹrí ba, oúnjẹ ló ń béèrè. Ìgbà náà ni mo rí i pé àtẹ́wọ́ kì í yó ènìyàn. Mo ki eré mọ́lẹ̀. Bí mo ti ń sá lọ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún eré náà, díẹ̀ ló sì kù kí n dúró dúpẹ́.

Lẹ́nu odi ìlú, mo bá oníbodè ẹlẹ́nu mẹ́ta. Ẹnu kìíní ń béèrè orúkọ, ẹnu kejì ń gbàgbé rẹ̀, ẹnu kẹta ń yin olórúkọ. Wọ́n pàlọ́ fún mi pé kí ló ń bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́ tí kì í parí láéláé. Mo ní ẹjọ́ ìyàwó mi ni. Ẹ̀rín pa ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta débi pé wọ́n gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn, bí mo ṣe wọlé nìyẹn. Ìyàwó mi, má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn; orúkọ rẹ ló yọ mí níbẹ̀. Ìgbà tí mo wọnú ìlú tán ni mo tó mọ ìdáhùn tí wọ́n ń wá.

Ilé ìlú náà kò kọjá ìpìlẹ̀. Inú ìpìlẹ̀ ni wọ́n ń gbé, wọ́n ta agboòrùn lé e lórí. Ọbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ kò tíì hó. Aṣọ ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ alápá kan, ẹni tó bá ní apá méjì kò ní ọrùn. Gbogbo ìkóríta ni orin ti ń dún, orin náà dùn, ṣùgbọ́n bó bá dé ibi tí ènìyàn á ti gbé ẹsẹ̀ sókè láti jó o délẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti òkè. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún wà lókè láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́.

Mo rí olórin kan lábẹ́ agboòrùn, ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun gùn débi pé ó ká a sínú àpò. Ó dé fìlà ewé tútù, irú ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là lórí ẹ̀ka. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Inú bí i, ó béèrè ta ni bàbá mi níbẹ̀; ó ní ọ̀dọ́ ni òun, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni. Àìpẹ́-A-Gbọ́ ni orúkọ rẹ̀. Ọgọ́jọ ọdún ló ti ń ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀.

Nígbà tí ó gbà pé n kì í ṣe olórin, ó sọ òótọ́ ìlú náà fún mi. Ó ní Baálẹ̀ wọn, Ọ̀la-Ń-Bọ̀, kì í jẹ iṣu, kì í jẹ ẹran. Ọ̀la àwọn ènìyàn ló ń jẹ. Ẹni tó bá pegedé nínú ọdún wọn ni Baálẹ̀ ń dé fìlà ewé fún. Bí fìlà náà bá ti gúnlẹ̀ lórí ẹni, ẹsẹ̀ olúwarẹ̀ kò ní ré odi kọjá mọ́. Bó bá dé ẹnubodè, ẹsẹ̀ náà á yí padà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó bá parí kì í gbé ìlú náà, nítorí inú rírun ló ń fún Baálẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kọ orin rẹ̀ parí kó máa lọ sílé.

Ó wolẹ̀. Ó ní, “Bí mo bá kọ ọ́ tán, kí ni mo tún fẹ́ jẹ́?”

Mo rí Ìbírónkẹ́ nínú àgọ́ àwọn aránṣọ. Ọ̀la ni wọn yóò dé fìlà tirẹ̀ fún un. Mo sọ gbogbo ohun tí mo gbọ́, mo bẹ̀ ẹ́, mo halẹ̀ mọ́ ọn, mo fi orúkọ ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọdún mẹ́ta ni Màdáámú fi ní kí òun máa gbálẹ̀, kí òun máa tú ìránṣọ, kí òun tún un rán. Ọjọ́ kan péré ni òun lò níbí tí wọ́n fi ń pe òun ní ìràwọ̀.

“Ẹ̀yin náà, Bàbá ọdẹ,” ló wí, “ẹni tí kò mọ aṣọ yàtọ̀ sí awọ ẹran, kí ló fẹ́ kọ́ mi nípa aṣọ?”

Ọ̀rọ̀ yìí ta mí lára bí ata. Mo ní ó dáa. Bí n kò bá lè fa ọmọ kúrò nínú ọdún, n ó ba ọdún jẹ́ mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Aṣọ tó wà lọ́rùn mi lọ́jọ́ náà ni gbérí ọdẹ mi, aṣọ tí mo ti wọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún tí kò mọ omi mìíràn ju òjò lọ. Ẹ̀jẹ̀ ìmàdò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀tù ìbọn wà lọ́rùn rẹ̀, ibi tó ti ya pọ̀ ju ibi tó ti dì lọ, eṣinṣin mẹ́fà kan sì wà tí wọn kì í kúrò lẹ́yìn mi. Mo ní bí mo bá gbé èyí gorí pẹpẹ wọn, èébì ni yóò tú gbogbo wọn ká.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gorí pẹpẹ. Ẹ̀gún gún mi lẹ́sẹ̀, nítorí náà mo ń tiro. Gbogbo ìlú dákẹ́. Inú mi dùn pé ọdún ti bàjẹ́. Kí n tó dé àárín pẹpẹ, àwọn adájọ́ ti ń sunkún. Ọ̀kan ní òun kò rí ẹni tó ya aṣọ pẹ̀lú ìgboyà tó báyìí rí. Èkejì ní òórùn náà jinlẹ̀. Ìkẹta bi mí níbo ni mo ti kọ́ irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀. Mo ní ìkookò kan ló fà á ya nígbà tí mo ń gun igi. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo bá ìkookò ṣiṣẹ́ pọ̀. Kí oòrùn tó kàn wá lórí, gbogbo ọ̀dọ́ ìlú ti ń tiro, àwọn ọlọ́rọ̀ sì ti ń wá eṣinṣin kiri.

Baálẹ̀ Ọ̀la-Ń-Bọ̀ fúnra rẹ̀ dìde. Ikùn rẹ̀ kún ìdajì pápá, etí rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, kò sì ní àgbọ̀n. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú àwọn dó, òun kò rí ọ̀dọ́ tó ní ìrètí tó báyìí. Mo ti pé ẹni àádọ́rin ọdún ó lé mẹ́ta lọ́jọ́ náà. Ó mú fìlà ewé wá.

Mo mọ ohun tí fìlà náà jẹ́. Àìpẹ́-A-Gbọ́ ti sọ ọ́ fún mi, èmi náà ti sọ ọ́ fún ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n bi yín: ìgbà wo ni ènìyàn pè yín ní ọ̀dọ́ kẹ́yìn? Mo kúnlẹ̀, mo gbé orí sílẹ̀, ó sì dé e fún mi.

Háà, ó dùn. Egungun ẹ̀yìn mi tó ti tẹ̀ nà gbọọrọ. Mo gbàgbé ekùn, mo gbàgbé ẹfọ̀n, mo gbàgbé pé mo bímọ. Mo ń lọ láti àgọ́ sí àgọ́, mo ń fọwọ́ gbá fìlà, mo ń bẹ àwọn ọmọdébìnrin olórin pé kí wọ́n má gbàgbé mi, pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni. Ibi tí mo ti ń bẹ wọ́n ni Ìbírónkẹ́ ti bá mi.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé mo ti wá rí i pé ibẹ̀ dára. Lẹ́yìn náà ó rí i pé ẹ̀rín mi kò dáhùn tirẹ̀. Ó ní, “Bàbá ọdẹ, ẹ kò lọ sílé mọ́ nìyẹn? Kí ni kí n sọ fún màámi?”

Mo ní, “Sọ fún Adéọtí pé lọ́la ni n ó wá.”

Àìpẹ́-A-Gbọ́ wà nítòsí. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, “Ohun tí èmi náà sọ fún ìyá mi nìyẹn.”

Ìbírónkẹ́ wò ó, ó wo irùngbọ̀n tó ká sínú àpò rẹ̀. Ó wo èmi. Ó fà mí lápá lọ sí ẹnubodè láti dán an wò, ẹsẹ̀ mi yí padà wẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ tó gbúròó òjò, inú mi sì dùn sí i. Ìgbà náà ni ẹ̀rù ba ọmọ náà. Ó bi olórin pé kí ni ohun tí kò gbọ́dọ̀ gbé ìlú náà. Olórin ní ohun tó bá parí.

Ó bọ́ gbérí lọ́rùn mi láàárín pápá, ó yí i sí òdì. Bẹ́ẹ̀ ni aránṣọ ṣe ń wo aṣọ, ẹ̀yin ará. Ojú aṣọ lè purọ́, inú rẹ̀ kì í purọ́. Ó yí aṣọ tirẹ̀ tó fẹ́ fi gba fìlà náà wò, ó yí ti àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Píìnì àti ẹ̀gún ló so gbogbo wọn pọ̀. Kò sí ẹyọ kan tí wọ́n ṣẹ́ létí. Ó jókòó sílẹ̀, ó fa òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ etí gbérí mi.

Mo ké. Mo ní fọ́nrán tó ń já yẹn ni àrà tí ìlú ń tìtorí rẹ̀ yìn mí, mo ní ìlara ló ń ṣe é, mo ní ọmọ àlè ni. Ó ní kí n jókòó, mo sì jókòó, torí ṣòkòtò péńpé nìkan ló kù nídìí mi.

Bí abẹ́rẹ́ ti ń lọ ni ikùn Baálẹ̀ ń kùn bí ọlọ. Ó sáré wá. Kò jágbe, ẹ̀rín ló rín. Ó ní kí ọmọ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, kó wá gba fìlà tirẹ̀ nísinsìnyí, pé ìyẹ́ méjì ni yóò wà lórí rẹ̀. Pé àwòrán rẹ̀ yóò wà lára gbogbo ìpìlẹ̀ ìlú. Pé kò sí ẹni tí yóò tún ní kó gbálẹ̀ tàbí kó tú ìránṣọ láéláé. Gbogbo ìlú ń pe orúkọ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ dúró sí afẹ́fẹ́. Mo rí ojú rẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn. Ohun tó ti ń wá láti ọdún mẹ́ta ló ń wò yẹn.

Ó ní, “Ọ̀gá mi máa ń sọ pé aṣọ tí a kò bá ṣẹ́ létí, a kò rán an.”

Ó ti abẹ́rẹ́ bọ aṣọ. Ó rán an yíká, ó ta kókó, ó fi eyín gé òwú.

Fìlà ewé rọ lórí mi, ó gbẹ, ó bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yìn mi tẹ̀ padà. Gbogbo ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin já lé mi léjìká lẹ́ẹ̀kan náà bí àpò gààrí. Baálẹ̀ di ikùn mú, ó ń yí nílẹ̀, àwọn ará ìlú sì gbé òkò. Èébú tí wọ́n ń fi lé wa ni pé àgbà ni wá. Àìpẹ́-A-Gbọ́ bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀ níbi tó ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ó dé ibi tó ti máa ń yí padà, kò yí padà. Ó kọ ọ́ délẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún yín pé ọ̀run ṣí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn ọdẹ kò jẹ́. Orin náà kò dára tó bẹ́ẹ̀. Ìparí rẹ̀ gan-an ló burú jù. Òun náà gbọ́ ọ, ó bú sẹ́rìn-ín, fìlà bọ́ lórí rẹ̀, ó bá wa sá jáde. Ní oríta, ó béèrè ọ̀nà ìlú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mi. N kò gbọ́ orúkọ ìlú náà rí. Mo nawọ́ sí ibi tí ọ̀nà ti tẹ́jú díẹ̀, ó dúpẹ́, ó ń lọ.

Ọjọ́ tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gan-an la wọ ìlú. Màdáámú Rẹ̀mílẹ́kún wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àlùmọ́gàjí ọmọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ń wo igbó tí yóò jù ú sí. Ìbírónkẹ́ kúnlẹ̀. Màdáámú nawọ́ sí i. Ó ní kó kó ohun tó rán níbi tó lọ wá kí òun wò ó. Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ ọmọ náà àfi gbérí tí mo ti gbé padà sọ́rùn. Màdáámú bọ́ ọ lọ́rùn mi ní gbangba, ó sín lẹ́ẹ̀mẹta, ó yí i sí òdì, ó ń fi àtàǹpàkò tọ ìṣẹ́tí rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀.

Ó ní, “Ta ló ṣẹ́ etí èyí?”

“Èmi ni, mà.”

“Ọwọ́ rẹ gbọ̀n níbí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ó tọ ọ́ dé ibi tí kókó wà, ó fà á, kókó kò tú. Ó ní, “Ṣùgbọ́n o kò fi í sílẹ̀ níbẹ̀.” Ó wá gbé àlùmọ́gàjí lé ọmọ náà lọ́wọ́, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì ní kí wọ́n lọ pe ẹbí wá.

Wọ́n gbàdúrà, a ṣe àmín. Adéọtí ń sunkún, àwọn aládùúgbò ń dì mọ́ ọmọ, kálukú ń mú aṣọ wá fún un láti rán. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nínú ṣòkòtò péńpé, mo ń dúró kí ẹnì kan rántí mi. Ẹnì kan kò wẹ̀yìn. Èmi tí ìlú odindi kan ń tiro nítorí mi.

Ó dùn mí díẹ̀, n kò ní purọ́. Ọ̀rọ̀ mi ti dé etí, mo ti ta kókó rẹ̀, mo sì ti gé òwú. Ẹ dìde, ẹ gbọn ìdí yín, kálukú kó padà sídìí ohun tó bẹ̀rẹ̀ tí kò tíì parí.